Abẹ́rẹ́ Tó Ń Dúró Lójú Fèrèsé

Gbàgà. Bẹ́ẹ̀ ni ìdérí àpótí yìnyín àwọn nọ́ọ̀sì ṣe máa ń dún nígbà tí Látúnjí wà lọ́mọdé, lábẹ́ igi dóńgóyárò iwájú ilé ìwòsàn Òkè-Ìrókò. Gbàgà, ọmọ kan á figbe ta. Kí tọ̀hún tó rọlẹ̀, gbàgà, òmíràn á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ìyá á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa ju ọmọ sókè díẹ̀díẹ̀, wọ́n á ní, "Pẹ̀lẹ́, olówó orí mi, ó ti tán." Ìyàwó tíṣà àti ìyàwó alágbàṣe, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n jọ ń fún ara wọn mọ́. Bí ìyá kan bá pẹ́ dé, nọ́ọ̀sì á bú u, á ní, "Ìwọ ìyá yìí, oorun lo sùn ni àbí ọjà lo ná?" Ṣùgbọ́n bó ti ń bú u ló ń fa abẹ́rẹ́ sókè. Ẹ̀kọ́ àti abẹ́rẹ́ jọ ń rìn ni nígbà náà. Ẹ̀kọ́ kì í dènà de abẹ́rẹ́. Itan ọmọ ni nọ́ọ̀sì ń wá, kò wá ọgbọ́n inú ìyá rẹ̀.

Ohùn yẹn ló ń dún létí Látúnjí lówùúrọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, bó ti dúró nídìí fèrèsé tí ọwọ́ ènìyàn kò lè ṣí, tó ń wo Àwòdì. Àwọn ará àdúgbò ló sọ ẹ̀rọ tó ń fò náà bẹ́ẹ̀. Kò ju agbọ̀n adìẹ lọ. Ó so rọ̀ sójú afẹ́fẹ́ lẹ́yìn gíláàsì, ó ń kùn bí oyin, ó sì gbá ìgò abẹ́rẹ́ èéyi mọ́ àyà, ìrì yìnyín sì bo ìgò náà funfun. Bí kì í bá ṣe ti gíláàsì ni, Látúnjí ìbá na ọwọ́ mú un. Àwòdì ayé àtijọ́ a máa gbé òròmọdìẹ lọ. Ti òde òní a gbé ohun tí òròmọdìẹ yóò fi yè wá títí dé ẹnu ọ̀nà, a fi hàn án, a sì tún gbé e padà lọ.

Inú yàrá, Ìbíronkẹ́ ìyàwó rẹ̀ dúró síwájú Ẹlẹ́nu-Ògiri, ó pọn ọmọ wọn Mọ́radékẹ́ sẹ́yìn. Ẹ̀rọ kékeré ni Ẹlẹ́nu-Ògiri, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn bí ìgbín, iná kan sì wà lórí rẹ̀. Kò sí ilé tí kò sí láti ọdún kẹrin tí Ikọ́ Ńlá ti ń jà, tí ìjọba ti ti ilẹ̀kùn gbogbo ìlú, tí oúnjẹ ń gba ihò ògiri wọlé. Ohùn ọmọbìnrin tó lẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fi sí i lẹ́nu. Ó mọ ènìyàn kí ju ọmọ mìíràn tí wọ́n bí nílé ọlá lọ.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ṣé kí a bẹ̀rẹ̀ Ìdánwò Òye?"

"Ẹ bẹ̀rẹ̀."

"Kí ni èéyi?"

"Àìsàn tó ń sú bo ọmọ lára ni. Ojú ọmọ á pọ́n, ara á gbóná, á wọ̀ ọ́ láyà. Ó ń ràn kánkán, ó sì ń pa ọmọ."

Iná náà di àwọ̀ ewé.

"Ìgbà wo ló yẹ kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ rẹ̀?"

"Bó bá ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Tèmi ti pé. Ó tilẹ̀ ti kọjá."

Àwọ̀ ewé.

"Bí ara ọmọ bá gbóná lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ńkọ́?"

"N ó tú aṣọ lára rẹ̀, n ó fún un lọ́mú dáadáa, n ó sì jókòó tì í. Kì í pẹ́ lọ."

Àwọ̀ ewé. Lójú fèrèsé, Àwòdì sún mọ́ gíláàsì, ó na apá tín-ínrín rẹ̀, ojú ihò kékeré tí abẹ́rẹ́ ń gbà wọlé sì dún kẹ́ẹ́, bí ẹni pé ó fẹ́ ṣí. Látúnjí kò mọ ìgbà tí òun bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ ọwọ́ aṣọ sókè, bí ẹni pé òun ni wọ́n fẹ́ gún.

"Ìbéèrè tó kẹ́yìn, Màmá. Ọmọ mélòó ni ẹ ti bí?"

Ìyá Látúnjí, tó jókòó sórí àpótí ní igun, dẹ́kun ẹ̀fọ́ tó ń já. Ọwọ́ Ìbíronkẹ́ lọ sẹ́yìn fúnra rẹ̀, ó bo orí ọmọ.

"Ọlọ́run ló mọ iye wọn," ó ní.

"A kò gbọ́ iye. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ iye."

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ọmọ mi."

Iná náà pọ́n.

"A ti gbọ́ yín. Ìyá yìí kò mọ iye ọmọ tó bí. Òye rẹ̀ kò tó. Ẹ lè tún ìdánwò ṣe lẹ́yìn òjò tó ń bọ̀. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o."

Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Èmi ni mo fà á. Èmi ni mo fi ìkìlọ̀ yẹn kún ọ létí láti ọjọ́ tí o ti wọlé yìí."

"Kì í ṣe ẹ̀yin, Màmá." Ìbíronkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ọmọ sì ń fà á nírun. "Kí ni kí n sọ? Bí mo bá sọ pé méjì, ilẹ̀ ti mu ọ̀kan. Bí mo bá sọ pé ọ̀kan, mo ti sẹ́ èyí tó lọ. Wọn ò sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹkún níbẹ̀."

Látúnjí kò lè wò ó lójú. Ó lọ síbi ihò atẹ́gùn tó wà lókè ògiri, nítorí ó gbọ́ tí wọ́n ń kan irin ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Múfútáù ni, ará ilé kejì. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn, ihò yẹn ni àwọn méjèèjì fi ń tayò ọ̀rọ̀.

"Bàbá Mọ́radékẹ́, ẹ̀yin náà ti gbòdo ni?"

"Ìyá rẹ̀ ló gbòdo. Ó ku èmi."

"Ẹ kú oríire. Wọ́n bi èmi pé ta ló kọ́kọ́ ronú kan abẹ́rẹ́ àjẹsára láyé. Mo ní bí mo bá mọ̀ ọ́n, ṣé màá wà nílé yìí láti máa jẹ ẹ̀wà tí wọ́n ń tì gba inú ihò bí ti eku? Ó ní òye mi kò tó." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì gbẹ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. "Ṣàkírù ọmọ mi ti ní in."

"Kí ló ní?"

"Èéyi. Ó ti sú bò ó láti etí dé àyà. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ata, kò fẹ́ iná. Látúnjí, mo ti mọ èéyi wàyí. Kí wọ́n wá bi mí. Mo ti mọ̀ ọ́n dójú àmì."

Látúnjí fi ọwọ́ mú irin ihò náà.

"Gbọ́ mi," Múfútáù ní. "Ihò atẹ́gùn kan náà ni wọ́n fà gba gbogbo ilé yìí kọjá. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wa kí a má baà kó Ikọ́ Ńlá ran ara wa, èémí kan náà la sì jọ ń mí látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Wá aṣọ tó nípọn, kí o fi dí ihò yìí. Bí mo bá tún kàn án, má dá mi lóhùn."

"Múfútáù."

"Dí i, jàre. Ìwọ kọ́ lo ṣe é."

Látúnjí mú aṣọ òfì tó fi gbéyàwó, ó ká a, ó fi dí ihò náà. Ó mọ̀ pé aṣọ kì í dí ohun tí ń gba inú afẹ́fẹ́ fún ọjọ́ pípẹ́. Abẹ́rẹ́ nìkan ló lè dí i, abẹ́rẹ́ sì rèé lójú fèrèsé, ó ń kùn.

Ó wá síwájú Ẹlẹ́nu-Ògiri. Ó ti bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé bí wọ́n bá bi òun ní iye, òun á la iye mọ́lẹ̀, kí ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí òun nìkan. Ṣùgbọ́n wọn kì í bi bàbá ní ohun tí wọ́n bi ìyá.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ọmọ yín ti kọjá àkókò abẹ́rẹ́ rẹ̀. Kí ló fà á? Ẹ mú ọ̀kan: àìmọ̀, àìbìkítà, ìgbàgbọ́ asán, tàbí ìbẹ̀rù abẹ́rẹ́."

"Kò sí níbẹ̀."

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ọ̀kan."

"Mo ní kò sí níbẹ̀."

"Àìmọ̀, àìbìkítà, ìgbàgbọ́ asán, tàbí ìbẹ̀rù abẹ́rẹ́."

Bí Látúnjí bá mú ọ̀kan, bóyá iná á di àwọ̀ ewé. Ó rò ó. Ó tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́nu ara rẹ̀, àìmọ̀, ó sì rí i bí ẹran tó ti bàjẹ́. Ó wo Ìbíronkẹ́ tó ti mọ gbogbo ohun tí ìyá ń mọ̀. Ó wo ìgò tó wà lẹ́yìn gíláàsì. Ìrì ara rẹ̀ ti ń yọ́, ó ń kán tótó.

"Ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn," ó ní. "Kí ọmọ mi tó pé oṣù mẹ́sàn-án la ti ń pè yín. Ẹ ní kí á dúró de ìdánwò. Abẹ́rẹ́ wà lójú fèrèsé mi báyìí, mo ń rí i. Ohun tó fà á nìyẹn."

"Ìdáhùn yìí kò sí nínú ìdáhùn. Òye bàbá kò tó. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o."

Àwòdì ká apá rẹ̀ kò. Ó yí padà lójú afẹ́fẹ́, kò yára, kò sì falẹ̀, ó gba orí òrùlé lọ.

Itọ́ kún Látúnjí lẹ́nu, èyí tó máa ń wá ṣáájú èébì. Kò lè tu ú. Láyé Ikọ́ Ńlá, ẹni tó bá tutọ́, kódà nínú ilé ara rẹ̀, ẹ̀rọ á gbọ́, wọ́n á sì gé oúnjẹ rẹ̀ kù. Ó gbé e mì. Ìríra náà sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ bí omi orógbó, ó dé ikùn, ó jókòó síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ kò gbọdọ̀ tutọ́ sílẹ̀, ẹni tó rẹ́ni jẹ sì ń kíni ẹ kú ìtọ́jú ọmọ.

Òfin ní bí ìyá àti bàbá bá gbòdo, ènìyàn gidi ni yóò bá wọn sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí gíláàsì àmóhùnmáwòrán tó wà lára ògiri fi tàn, tí ojú obìnrin kan sì yọ níbẹ̀. Ìyáàfin Bámgbàlà ni, ọ̀gá kan ní Ilé-Iṣẹ́ Òye Òbí. Gèlè rẹ̀ dúró dáadáa. Ó ń jẹ ẹ̀pà sísè, èèpo rẹ̀ sì ga níwájú rẹ̀ bí òkìtì.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú sí ẹ̀rọ wa. Òye àwọn òbí ìlú yín ti gòkè gan-an lọ́dún yìí. Ìlú yín ló wà lókè pátápátá."

"Màdáámù, àwọn ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ ńkọ́? Ṣé àwọn náà gòkè?"

Ó pa ẹ̀pà kan, ó wò ó, ó jù ú sẹ́nu. "Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ka tiwa. Tiwa ni òye."

"Èéyi ti wà ní ilé tó tẹ̀lé tèmi."

"Mo gbọ́. Ó mà ṣe o. Òbí ibẹ̀ náà kò kúkú ní òye."

Látúnjí di ọwọ́ méjèèjì mọ́ ẹ̀yìn kí ó má baà fi na gíláàsì. Obìnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ó jọ pé àánú ṣe é, èyí ló sì burú jù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín. Ọmọ tí kò lóbìí kì í ṣe ìdánwò."

"Bí ti báwo?"

"Ta la fẹ́ bi ní ìbéèrè? Òbí ni òfin ní kí a bi. Bí òbí kò bá sí, kò sí ìbéèrè, abẹ́rẹ́ ni. Ẹ lọ wo Ilé Ọmọ Ìjọba. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ pẹ́ rí. Ẹ kàn kọ ọ́ ránṣẹ́ pé ọmọ náà kì í ṣe tiyín, ẹ bá a ni. Àwòdì á dé kí omi tó hó lórí iná yín."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Lẹ́yìn náà, ọmọ ìjọba ni. Ẹ ó máa bá wa tọ́jú rẹ̀ títí ilẹ̀kùn á fi ṣí, a ó sì wá gbé e."

"Bí mo bá wá ní ọmọ mi ni ńkọ́?"

"Háà, ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn tí ẹ ti fọwọ́ ara yín kọ ọ́ pé kì í ṣe tiyín? Ta ni yóò gbà yín gbọ́?" Ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò ní àyà. "Ẹ rò ó dáadáa. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ."

Ojú rẹ̀ parẹ́. Mọ́radékẹ́ ti rá lọ síbi ẹ̀fọ́ ìyá àgbà, ó ń fi ewé lu ilẹ̀.

"Ẹ má kọ ọ́," Ìbíronkẹ́ ní. "Bàbá Mọ́radékẹ́, mo bẹ̀ yín. Ẹnu ènìyàn kì í dédé sọ irú rẹ̀. Ó sàn kí a máa bẹ̀ wọ́n."

"A ti bẹ̀ wọ́n."

"Kí a tún bẹ̀ wọ́n."

Ìyá àgbà tún ìró rẹ̀ ró. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ọmọ náà ló kọjú sí, kò kọjú sí wọn.

"Kí wọ́n tó bí bàbá mi, ìyá rẹ̀ ti sin ọmọ débi pé kò sunkún mọ́. Nígbà tí wọ́n bí bàbá mi, wọ́n gbé e lọ sórí ààtàn lẹ́yìnkùlé, wọ́n fi í síbẹ̀, wọ́n sì padà sílé. Obìnrin ilé kejì lọ he é. Ó gbé e wọlé, ó ní, 'Ẹ wá wo ohun tí mo rí.' Ìyá rẹ̀ ní, 'Kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?' Ààtàn ni wọ́n sọ ọ́. Ìyá tó bí i kò pè é ní ọmọ mi lójú gbangba títí ó fi hu irùngbọ̀n. Ikú gbọ́, ó ní kí lòun fẹ́ fi ohun orí ààtàn ṣe. Bàbá mi gbó, ó tọ́, ó fi ọ̀pá rìn."

"Ikú nìyẹn, Màmá," Ìbíronkẹ́ dáhùn. "Bí wọ́n bá tan ikú jẹ, ikú á lọ. Àwọn wọ̀nyí á padà wá."

"Wọ́n á padà wá. Ìyẹn náà ló ń rí mi lára. Ikú ṣeé bá sọ̀rọ̀ jù wọ́n lọ." Ó mú ewé kúrò lẹ́nu ọmọ. "Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà láàyè ni wọ́n máa wá gbé. Bí wọ́n bá dé, wọ́n á bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ náà la ó jọ mọ ẹni tó ní òye."

Ìgbà náà ni ikọ́ kan dún lẹ́yìn aṣọ òfì, ikọ́ gbígbẹ, ikọ́ ọmọdé. Ó dún, ó tún dún. Kò sẹ́ni tó kan irin. Ìbíronkẹ́ dìde, ó gbé Mọ́radékẹ́ kúrò nílẹ̀, ó gbé e jìnnà sí ògiri náà dé ibi tí yàrá ti parí, kò sì sí ibòmíràn tó tún lè gbé e lọ.

"Ẹ kọ ọ́," ó ní. Ó kọ̀yìn sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ má fi orúkọ mi sí i. Kí ẹnì kan ṣẹ́ kù nínú ilé yìí tí kò sẹ́ ẹ."

Látúnjí mú fóònù rẹ̀. Ó kọ "Ọmọ mi Mọ́radékẹ́." Ó wò ó. Ó pa "mi" rẹ́. Èyí tó kù tún ṣe é bákan, ó ṣì jọ ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá, ó sì pa orúkọ rẹ́, orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ sọ, tí ó fi oyin àti iyọ̀ tọ́ sí ọmọ náà lẹ́nu. Itọ́ tún kún un lẹ́nu. Lọ́tẹ̀ yìí kò gbé e mì. Ó tu ú sílẹ̀, sí ìdí Ẹlẹ́nu-Ògiri, kí wọ́n gé oúnjẹ rẹ̀ bó bá wù wọ́n. Iná pupa tàn, ohùn ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kò dá a lóhùn. Ó kọ̀wé náà tán, ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi ránṣẹ́:

"Sí Ilé-Iṣẹ́ Òye Òbí. Èmi Látúnjí Ọ̀pátọ́lá, ará Òkè-Ìrókò, ni mo kọ èyí. Ọmọbìnrin kan wà nínú ilé mi. Kì í ṣe ọmọ mi. N kò mọ bàbá rẹ̀, n kò mọ ìyá rẹ̀. Orí ààtàn ni mo ti he é. Kò ní ẹnì kankan tí ẹ ó bi ní ìbéèrè. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ wá kíákíá. Apá òsì ni kí ẹ gún un o, ẹ jọ̀wọ́. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló máa ń fi sùn."